Ṣé irọ́ ni ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́? Ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín wa. Bí ẹnì kan bá ní òjò ò rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pé èéfín ló fà á, ẹlòmíì á dáhùn pé: «Ṣebí ọ̀dá mú láyé àwọn bàbá wa náà? Àwọn òyìnbó kàn ń fi ọ̀rọ̀ yẹn wá owó ni.» Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Àmọ́ ìbéèrè mẹ́ta ló pò pọ̀ níbẹ̀, ìdáhùn wọn ò sì rí bákan náà.

Èkíní: ṣé ayé ń gbóná sí i? Bẹ́ẹ̀ ni. GIEC, ìyẹn àwọn onímọ̀ tí wọ́n kó jọ lábẹ́ àjọ ONU ní 1988, sọ ní 2021 pé ayé ti fi nǹkan bíi 1,1 dígíríì gbóná ju bó ṣe wà láàárín 1850 sí 1900 lọ. Ó jọ pé ó kéré. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ bá kúrò ní 37 tó lọ sí 38, ìyá rẹ̀ ti ń wá oògùn nìyẹn.

Èkejì: ta ló fà á? Òótọ́ ni pé ọ̀dá ti ń mú kí a tó bí wa. Àwọn kan sì ní oòrùn ló fà á. Ṣùgbọ́n láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀run ti ń wọn agbára oòrùn. Kò lé sí i, ooru ayé sì ń lọ sókè. Ohun tó lé ni gáàsì CO2 tó ń jáde látinú epo àti èédú inú ilẹ̀ tí a ń sun. Ó ń bo ayé bíi kúbùsù. Nínú ìdá mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, ó wà ní 280 kí iléeṣẹ́ ńláńlá tó dé. Ó ti kọjá 420 báyìí.

Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n jà sí i gan-an. Claude Allègre, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó ti ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ rí, kọ ìwé ní 2010 pé ẹ̀tàn ni. Àwọn onímọ̀ tó lé ní 400 kọ lẹ́tà láti takò ó. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Académie des sciences, níbi tí Allègre fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ìjókòó yẹn sọ pé CO2 tí ọmọ ènìyàn ń tú jáde ni olórí ohun tó ń mú ayé gbóná. Síbẹ̀, GIEC náà jẹ́wọ́ àṣìṣe lọ́dún yẹn kan náà: wọ́n ti kọ ọ́ pé yìnyín òkè Himalaya lè tán ní 2035, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó bi wọ́n léèrè ló jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ̀kẹta: ṣé òun ló fa gbogbo ìyà wa? Rárá o. Òkun tó ń jẹ ilẹ̀ ní ìlà-oòrùn Kòtónù, èbúté tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1960 lọ́wọ́ sí i, torí ó dí ọ̀nà iyanrìn tí omi ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn. Bí gọ́tà bá dí tí omi wọlé, kí ẹnikẹ́ni má fi ojú ọjọ́ bojú. Ilẹ̀ Áfíríkà pàápàá, CO2 tó ń tú jáde kò tó 5 nínú 100 ti gbogbo ayé.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀ lè fi irúgbìn rẹ̀ ṣòfò, torí ìgbà tí bàbá rẹ̀ ń gbin àgbàdo ló ṣì ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá sì gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ lè jẹ́ kí ẹni tó gé igbó tán lọ láìdáhùn. Nítorí náà, bí ohùn kan bá dé sórí WhatsApp yín, ẹ bi í: ta ló wọ̀n ọ́n? Níbo? Ọdún mélòó? Ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, ibùdó kan wà tí wọ́n ti ń wọn òjò àti ooru. Ẹ jẹ́ ká máa bèèrè ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ká tó máa bá ara wa jà.