Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: Ìtàn Phoebe Traquair



Ṣé ẹ mọ àwo páànù funfun tí àwọn kan nínú wa mú wá sílé ìwé? Ara rẹ̀ ń dán, àmọ́ tó bá já bọ́, ojú rẹ̀ á hó, páànù dúdú á yọ síta. Ohun tó ń dán yẹn, dígí ni. Wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n fi kun páànù náà, wọ́n wá fi iná yọ́ ọ títí tó fi lẹ̀ mọ́ ọn. Obìnrin kan wà tó fi irú iṣẹ́ yìí ya àwòrán. Phoebe Anna Traquair lorúkọ rẹ̀.

Wọ́n bí i nítòsí Dublin, ní ilẹ̀ Írẹ́lándì, ní 1852. Dókítà ni bàbá rẹ̀. Dublin náà ló ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán. Ọkùnrin kan tó ń ṣèwádìí nípa àwọn ẹja àtijọ́ tó ti di òkúta ń wá ẹni tó máa bá òun yà wọ́n, Phoebe ló bá a yà wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ra o! Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1873, wọ́n sì kó lọ sí Edinburgh ní Skọ́tlándì lọ́dún kejì. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí.

Ní 1885, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán sára ògiri yàrá kékeré kan nílé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Èédú ni wọ́n ń kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yàrá yẹn ni wọ́n ń tẹ́ ọmọ tó bá kú sí kí àwọn òbí rẹ̀ tó gbé e lọ sin. Phoebe ya áńgẹ́lì síbẹ̀, ó ya ìyá àti ọmọ, kí ibẹ̀ má baà dà bí ilé èédú lójú àwọn tó ń sunkún. Láti 1893 sí 1901, ó tún kun ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára orúkọ ilé náà dòní.

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú ya àwòrán mẹ́rin sára aṣọ, ó sì parí wọn ní 1902. Nígbà tó ń sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ iṣẹ́ dígí orí bàbà. Á fi lúbúlúbú dígí aláwọ̀ sórí bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á tì í bọ iná. Tó bá tutù, á fi àwọ̀ mìíràn sí i, á tún dá a padà síná. Tí iná bá pọ̀ jù, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tó bá dára, wọ́n á fi fàdákà tàbí wúrà yí i ká, ó di ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn.

Ní 1900, wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ńlá ní Skọ́tlándì, Royal Scottish Academy. Wọn ò gbà á. Kò bá wọn jà, iṣẹ́ ló ń ṣe lọ. Ní 1920, lẹ́yìn ogún ọdún gbáko, wọ́n wá fi oyè ọmọ ẹgbẹ́ dá a lọ́lá.  Ó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún nígbà yẹn. Ó kú ní 1936.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi kọ ìtàn yìí. Sẹ́níọ̀ kan rí ìrọ̀rí tí mo ń fi òwú ṣe ọnà sí, ó ní eléyìí kì í ṣe iṣẹ́ ọnà, pé kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán. Ó dùn mí, mo sì kó abẹ́rẹ́ mi pa mọ́ sísàlẹ̀ àpótí. Ìgbà tí mo ka ìtàn Phoebe ni mo lọ kó o jáde. Òun ya ògiri, ó rán aṣọ, ó yọ́ dígí, àwòrán náà ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ làwọn àgbà sọ, ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Tí táàmù bá ń parí, ẹ wá wo ìrọ̀rí mi.