Kí Ẹ Tó Ra Kọ̀ǹpútà Tuntun

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti sọ fún yín pé ó ti di ògbólógbòó. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ni iléeṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ṣì lágbára kò lè gba Windows 11. Kí ẹ tó fọwọ́ kan owó oúnjẹ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn yìí.

Windows jẹ́ ètò adarí, èyí tí ó máa ń jí nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ bí ìyálé ti ń pín iṣẹ́ ilé. Ènìyàn ni ó kọ àwọn àṣẹ inú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn àṣẹ wọ̀nyí ni a lè fi wé ìlànà ọbẹ̀ sísè: Microsoft ń ta ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi ìlànà rẹ̀ han oníbàárà.

Ní nǹkan bí ọdún 1980, ìwé a máa há sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Richard Stallman, tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fẹ́ tún ètò ẹ̀rọ náà ṣe kí ó lè máa ta àwọn tí ń dúró de ìwé wọn lólobó. Ẹni tí àkọsílẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, nítorí ó ti ṣèlérí láti pa á mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Stallman wọra. Ní 1983, ó kéde pé òun yóò kọ ètò adarí kan, GNU, tí gbogbo ayé yóò ní ẹ̀tọ́ láti lò, láti yẹ̀ wò, láti tún ṣe àti láti pín. Ìwé àṣẹ tí ó gbé jáde ní 1989 fi kún un pé ẹni tí ó bá tún irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe, tí ó sì pín in fún ẹlòmíràn, kò gbọdọ̀ fi ìlànà rẹ̀ pamọ́. Èmi fẹ́ràn òfin yìí púpọ̀. Kò yẹ kí ẹni tí ó jẹ nínú ìkòkò àjùmọ̀sè ti ilé ìdáná mọ́ àwọn yòókù.

Síbẹ̀, GNU kò tíì ní ọkàn tí yóò mú ara ṣiṣẹ́. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, kọ Linux, ó sì fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ Stallman ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Linux yìí kan náà ni ó wà nínú fóònù Android.

Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀ ní 2004, wà lára àwọn ètò tí a kọ́ lé Linux. A kì í san owó kí a tó gbà á. Lubuntu, àbúrò rẹ̀, fúyẹ́ jù ú lọ fún kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kéré. Ẹ lè fi fláàṣì dán an wò láì pa ohunkóhun rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gbé e wọlé pátápátá, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fọ́tò àti iṣẹ́ àwọn ọmọ síbòmíràn. Kì í ṣe gbogbo ètò Windows ni yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. LibreOffice lè ṣí ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi Word kọ, síbẹ̀ ẹ béèrè ètò tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ olùkọ́ ọmọ yín kí ẹ tó pinnu.