Ṣé O Mọ̀? Ọ̀pọ̀ Ẹ̀dà Àwo Saturday Night Fever

Bí o bá yà sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta àwo àlòkù ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York, kò ní pẹ́ tí wàá fi rí Saturday Night Fever: òṣèré John Travolta nínú kóòtù funfun, ó na ọwọ́ sókè, àwọn olórin Bee Gees mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lókè orí rẹ̀. Àwọn tó ń kó àwo jọ sábà máa ń fò ó dá, torí pé ó pọ̀, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Èmi gbà pé kò sí àwo tó dára tó o fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń mọ ẹ̀dà kan yàtọ̀ sí èkejì. Jẹ́ ká kà á ní ẹyọ ẹyọ.

Ṣé o mọ̀ pé àwo yìí ló ṣáájú sinimá rẹ̀ dé ọjà? Oṣù kọkànlá ọdún 1977 ni àwo jáde, oṣù kejìlá ni sinimá tẹ̀ lé e. Robert Stigwood ló ṣe sinimá náà, òun ló ni ilé iṣẹ́ RSO tó gbé àwo jáde, òun náà sì ni alákòóso àwọn Bee Gees. Ó jẹ́ kí orin orí rédíò máa pe àwọn ènìyàn wá sí sinimá.

Ṣé o mọ̀ pé àpilẹ̀kọ inú ìwé ìròyìn ni ìtàn náà ti ṣẹ̀ wá? Nik Cohn kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn New York lọ́dún 1976, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn òtítọ́ nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó ní Brooklyn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ló fi orí ara òun hun èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé orin Bee Gees kọ́ ni Travolta kọ́kọ́ ń jó sí? Travolta sọ pé orin Stevie Wonder àti ti Boz Scaggs ni wọ́n ń lò níbẹ̀rẹ̀. Àwọn Bee Gees, ìyẹn àwọn ọmọ Gibb, Barry, Robin àti Maurice, wà ní Château d'Hérouville nílẹ̀ Faransé nígbà náà. Wọ́n kọ orin tí Stigwood béèrè láì tíì ka ìwé eré náà.

Ṣé o mọ̀ pé onílù tí orúkọ rẹ̀ wà fún «Stayin' Alive» kò sí láyé rí? Nígbà tí wọ́n ń gba ohùn orin náà sílẹ̀, ọ̀ràn ẹbí gbé Dennis Bryon, onílù wọn, lọ sílé. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀rọ tó ń lu ìlù, kò dùn mọ́ wọn. Ni Albhy Galuten àti Karl Richardson, tí wọ́n jọ ń ṣe àkóso orin náà, bá mú ìlù ráńpẹ́, méjì péré nínú ìwọ̀n orin, láti inú «Night Fever» tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí téèpù, wọ́n so orí téèpù náà mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó máa yí lọ yí bọ̀ nínú sítúdíò. Ìdí nìyẹn tí ìlù orin náà fi ń lọ geere, tí kì í yára, tí kì í falẹ̀. Wọ́n ní láti kọ orúkọ onílù, wọ́n bá kọ Bernard Lupe.

Ṣé o mọ̀ pé orin kan náà wúlò fún gbígba ẹ̀mí là? Àwọn dókítà Amẹ́ríkà ní kí a máa tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá dúró ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. «Stayin' Alive» ń lọ ní nǹkan bíi 103, wọ́n sì ń fi kọ́ àwọn ènìyàn.

Ṣé o mọ̀ pé orin mẹ́fà péré ni Bee Gees fi ẹnu ara wọn kọ nínú mẹ́tàdínlógún tó wà lórí àwo oníbejì yìí? Àwọn náà ló ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ àti ohùn orin méjì tí ẹlòmíràn kọ: Yvonne Elliman kọ «If I Can't Have You», ẹgbẹ́ Tavares sì kọ «More Than a Woman». Èyí ló fà á tí «More Than a Woman» fi wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ti Bee Gees lójú kìíní, ti Tavares lójú kejì.

Ṣé o mọ̀ pé Beethoven àti Mussorgsky wà lórí àwo dísíkò? Walter Murphy sọ Símfónì Karùn-ún ti Beethoven di orin ijó. David Shire fi iṣẹ́ Mussorgsky ṣe «Night on Disco Mountain».

Ṣé o mọ̀ pé orin kan wà nínú sinimá tí kò sí lórí àwo? «Disco Duck» ti Rick Dees ni. Má wá a lórí ẹ̀dà kankan.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ 24 léraléra ni àwo yìí fi wà nípò kìíní ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1978? Ó tún lo ọ̀sẹ̀ 18 ní Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1979 ó gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo tó dára jù lọ́dún. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ Oscar kò dárúkọ orin rẹ̀ kankan fún ẹ̀bùn.

Ṣé o mọ̀ pé «Jive Talkin'» lè sọ fún ọ bóyá àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ jẹ́ ti àkọ́kọ́? Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Lórí àwo tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, tó ti jáde lọ́dún 1975, ló wà níbẹ̀. Lórí àwọn kan tí wọ́n tẹ̀ nígbà tó yá, wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n sì fi èyí tí Bee Gees kọ lójú agbo ní Los Angeles ní oṣù kejìlá ọdún 1976 rọ́pò rẹ̀. Páálí kan náà ni, àkọlé kan náà ni. Gbé abẹ́rẹ́ sórí orin kẹta lójú kẹta, kí o tẹ́tí. Bí o bá gbọ́ ariwo èrò, ẹ̀dà ẹ̀yìn ni. Bí gìtá bá wọlé láìsí ariwo ẹnikẹ́ni, ti sítúdíò ni. Orí síídì ni ti sítúdíò ti padà sípò rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà àwo ń yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì? Ti Amẹ́ríkà ni RS-2-4001, ti Gẹ̀ẹ́sì ni 2658 123. Ẹ̀yìn páálí ni kí o kọ́kọ́ wò.

Ṣé o mọ̀ pé màlúù pupa tó wà lórí lébẹ́ẹ̀lì RSO wá láti Jàpáàn? Ohun ìṣeré àwọn ará Aizu ni, wọ́n gbà pé ó ń lé àìsàn lọ.

Ṣé o mọ̀ bí àwo kan ṣe ń di ẹgbẹẹgbẹ̀rún? Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gbẹ́ orin sára àwo alumíníọ̀mù tí wọ́n fi lákà rírọ̀ bò. Wọ́n á fọ́n fàdákà sí i, wọ́n á rì í sínú omi tó ní níkẹ́ẹ̀lì títí níkẹ́ẹ̀lì yóò fi dì mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n bá ká kúrò lára rẹ̀ ni bàbá. Lára bàbá ni wọ́n ti ń mú ìyá, lára ìyá ni wọ́n sì ti ń mú òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ àwo tí à ń rà. Òǹtẹ̀ kan kò lè tẹ̀ ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan lọ kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Àwo tó tà ní ọ̀kẹ́ àìmọye jákèjádò ayé ti jẹ òǹtẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán, ní ilé iṣẹ́ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ohùn ẹ̀dà kan fi ń mọ́ ju ti èkejì lọ.

Ṣé o mọ̀ pé àwo gbé ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ dání? Gbé e sábẹ́ iná, kí o tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Láàárín ibi tí orin parí sí àti lébẹ́ẹ̀lì, wàá rí ààyè dúdú kan tó ń dán. Níbẹ̀ ni àwọn àmì wà, àwọn kan tí wọ́n fi ọwọ́ họ, tó wọ́, àwọn mìíràn tí wọ́n fi irin tẹ̀, tó dúró ṣánṣán. Nọ́ńbà àwo ló máa ń ṣáájú. Ohun tó bá tẹ̀ lé e lè sọ ojú wo ni, gbígbẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kelòó ni, nígbà mìíràn ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó gbẹ́ àwo náà sì lè họ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Páálí ọdún 1977 lè gbé àwo ọdún mìíràn sínú, torí àwọn tó ń tà á máa ń pa wọ́n pọ̀. Àmì ara àwo ni kí o gbà gbọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ojú kìíní àwo rẹ lè má wà lẹ́yìn ojú kejì? Lórí àwọn àwo oníbejì kan láyé ìgbà náà, ojú kìíní àti ìkẹrin ló wà lára àwo kan, ìkejì àti ìkẹta lára èkejì. Wọ́n ṣe é fún ẹ̀rọ tó ń ju àwo sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Yí tìrẹ padà kí o wò ó.

Ṣé o mọ̀ pé orin tó kẹ́yìn lójú kọ̀ọ̀kan ló ń jìyà jù? Ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ni àwo ń yí ní ìṣẹ́jú kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní etí àwo, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 51 ló ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítòsí lébẹ́ẹ̀lì, kò ju bíi 21 lọ. Orin kan náà ní láti há mọ́ ààyè tó kéré. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ dán ẹ̀dà méjì wò, ohùn Yvonne Elliman ní òpin ojú kìíní ni kí o fi wé ara wọn. Bí «s» rẹ̀ bá ń ta létí, àwo ti gbó tàbí òǹtẹ̀ ti jẹ.

Ṣé o mọ̀ pé «Disco Inferno» ti ẹgbẹ́ Trammps, tó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 lójú kẹrin, ti jáde láti ọdún 1976? Sinimá yìí ló gbé e dé ipò 11 ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1978.

Ṣé o mọ̀ ìdí tí wọ́n fi gé igun páálí kan? Àwo tí kò tà tó, tí wọ́n fẹ́ tà ní ẹ̀dínwó, ni wọ́n máa ń gé báyẹn kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a padà fún owó tó pé. Kò ṣe ohùn inú rẹ̀ ní nǹkan kan.

Ṣé o mọ̀ pé àbúrò kan wà fún àwo yìí? Sesame Street Fever ti ọdún 1978 ni, ti àwọn ọmọdé. Grover ló wọ kóòtù funfun lórí páálí, Robin Gibb sì kọrin níbẹ̀ ní tòótọ́.

Ṣé o mọ̀ pé àwo tó wúwo kò fi bẹ́ẹ̀ dára ju èyí tó fúyẹ́ lọ? Wọ́n tún àwo yìí tẹ̀ nígbà tó pé ọdún 40, àmọ́ má wo bó ṣe wúwo tó. Ìwọ̀n gíráàmù kọ́ ló ń gbé ohùn ró. Téèpù tí wọ́n gbẹ́ ẹ láti inú rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ, àti bí òǹtẹ̀ ṣe tuntun tó, àwọn ló ṣe pàtàkì.

Ṣé o mọ̀ pé iná kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá iṣẹ́ gbígbẹ́ àwo dúró? Ní oṣù kejì ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Apollo Masters jóná ní Banning, ní Kalifóníà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwo onílákà tí gbogbo ayé fi ń gbẹ́ orin. Nígbà náà, ilé iṣẹ́ kan péré ní Jàpáàn ló ṣẹ́ kù.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan fọwọ́ ara wọn ba àwo dísíkò jẹ́? Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1979, ní pápá baseball Comiskey Park ní Chicago, wọ́n ní kí ẹni tó bá mú àwo dísíkò wá wọlé ní sẹ́ǹtì 98. Wọ́n kó àwo náà sínú àpótí kan, wọ́n fi bọ́ǹbù fọ́n ọn ká. Èrò ya wọ pápá, wọn kò sì lè gbá ìdíje kejì ọjọ́ náà mọ́. Ó ti tó nǹkan bí ọdún kan nígbà náà tí Saturday Night Fever ti kúrò nípò kìíní.

Ṣé o mọ̀ pé Ilé Ìkàwé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti Amẹ́ríkà ti fi Saturday Night Fever sínú àwọn ohùn tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ parun? Wọ́n kéde rẹ̀ lọ́dún 2013. Ilé ìkàwé lè pa orin mọ́, àmọ́ kò lè tọ́jú gbogbo òǹtẹ̀ àti gbogbo àmì tí òṣìṣẹ́ kan họ sára àwo. Ohun tí owó rẹ̀ wọ́n, owó rẹ̀ á dáàbò bò ó. Ohun tó wọ́pọ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń jù nù láìbojúwẹ̀yìn. Nígbà mìíràn tí o bá rí i lórí àtẹ, yọ àwo méjèèjì síta, ka àmì ara wọn, gbọ́ «Jive Talkin'», kí o sì gbé e lọ sílé bí ó bá jẹ́ ẹ̀dà tí o kò ì tíì ní.