Oṣù Kan fún Ìwé Ìmọ̀

Bí a bá bi àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa léèrè àwọn ìwé tí wọ́n kà láàárín ọdún kan, ìtàn àròsọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dárúkọ. Èyí kò burú. Ẹni tí ó bá Àkàrà-ògùn wọ igbó nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ jáde ní 1938, kò lè gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé Fágúnwà kan náà kọ ìwé tí ó pè ní Ìrìnàjò, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1949, nínú èyí tí ó ròyìn bí òun fúnra rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Kò sí iwin nínú èyí. Ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè ní ìwé ìmọ̀: ìtàn ìlú, ìtàn ìgbésí-ayé, ìròyìn ìrìnàjò, ìwé àṣà, ìwé nípa ewéko, ẹranko àti ìràwọ̀. Ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ máa sá fún wọn ni pé ìgbà ìdánwò nìkan ni wọ́n ń ṣí wọn. Wọ́n há wọn sórí, wọ́n dà wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀rọ̀ parí. Oṣù kan nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó láti bá wọn dọ́rẹ̀ẹ́, bí a bá ti ṣètò rẹ̀ kí oṣù tó wọlé.

Ìwé ni kí a kọ́kọ́ yàn, kí a tó yan wákàtí. Ohun tí ó ń jẹ wá lọ́kàn ni kí ó sì tọ́ wa sọ́nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó láyé àtijọ́, kí ó wá Àwọn Àṣà àti Òrìṣà Ilẹ̀ Yorùbá, tí Dáramọ́lá àti Jéjé kọ ní 1967. Lẹ́yìn èyí ni kí a ka ojú ewé. Ìwé olójú ewé 240 ní oṣù ọlọ́jọ́ 30 jẹ́ ojú ewé 8 lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ta ni kò ní òde lọ, tí ibà kì í ṣe, tí a kì í rán níṣẹ́? Ẹ yọ ọjọ́ 6 sílẹ̀ fún irú nǹkan báwọ̀nyí. Ó ku 24, ojú ewé 10 ni ó bọ́ sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kò wúwo jù.

Ìṣirò yìí náà ni yóò sọ fún wa ìwé tí agbára wa kò tíì ká. The History of the Yorubas, tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, lé ní ojú ewé 600. Láàárín ọjọ́ 24, yóò lé ní 25 lójúmọ́, ó sì dá mi lójú pé ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ báyẹn yóò pa á tì kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Kí ó mú apá tí ó sọ nípa ìṣe àti àṣà nìkan, kí ó fi ogun àti ọba sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣàìmọ ohun tí ojú ìwé yìí rí kí ó tó dé ọwọ́ wa. Ní 1897 ni Johnson parí rẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù mọ́ àwọn òǹtẹ̀wé lọ́wọ́. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi àkọsílẹ̀ tí olóògbé fi sílẹ̀ tún un kọ. Ní 1916 tí wọ́n tún fi í ránṣẹ́, ogun ń lọ lọ́wọ́; àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ òkun Appam tí ó gbé e, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé kò jáde títí di 1921, lẹ́yìn tí Obadiah náà ti kú. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kí ó sú wọn ni, ọ̀pọ̀ ohun tí Johnson gbọ́ lẹ́nu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni ì bá ti bá àwọn àgbà náà wọ ilẹ̀.

Ní ti wákàtí, òwúrọ̀ kùtù ni mo fẹ́ràn jù, nítorí iná mọ̀nàmọ́ná kì í ṣe ohun tí a lè gbójú lé lálẹ́. Kí fóònù wà ní yàrá mìíràn.

Ìwé àjákọ kan ṣe pàtàkì. Ẹ fa ìlà sí àárín ojú ewé rẹ̀: ohun tí ìwé sọ ní apá òsì, ìbéèrè tiwa ní apá ọ̀tún. Ẹ gbé ìbéèrè náà tọ àwọn àgbà ilé lọ. Ohun tí bàbá àgbà yóò sọ lè yàtọ̀ sí ti inú ìwé. Ẹ má ṣe bá a jiyàn, ẹ má sì ṣe pa ti ìwé rẹ́. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó lè máa súni. Ẹ rántí pé ìwé ìmọ̀ kò dà bí ìtàn àròsọ, tí ẹni tí ó bá fo orí kan yóò ṣìnà. Ẹ wo àkóónú rẹ̀ níwájú àti atọ́ka rẹ̀ lẹ́yìn, kí ẹ ṣí ibi tí ó bá wù yín. Bí ọjọ́ 30 bá sì pé tí ìwé kò tíì parí, ẹ kọ ojú ewé tí ẹ dé sílẹ̀, kí ẹ dá ìwé náà padà sí ilé ìkàwé, nítorí ẹlòmíràn lè ti máa dúró dè é, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí ẹ tún lè wá yá a.