Ta Ló Gba F9, Akẹ́kọ̀ọ́ Ni Àbí Ètò Ẹ̀kọ́?

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ń kọ́ àwọn ọmọ JSS2 kan ní kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Mushin, láràárọ̀ Sátidé, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Èmi ni mo kọ ètò ẹ̀kọ́ náà. Mo tò ó tẹ̀léra wọn dáadáa, mo tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní àwọ̀ mèremère. Ọ̀sẹ̀ kejì la kọ́ wọn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi òdo àti oókan nìkan ka gbogbo nǹkan, ibẹ̀ la sì gbé ìyókù lé. Ní Sátidé kẹjọ, a fún wọn ní ìdánwò. Nínú ọmọ mọ́kàndínlógún, mẹ́rin péré ló yege.

Kí n má purọ́, àwọn ọmọ yẹn ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Mo ní TikTok ló gbà wọ́n lọ́kàn. Ibi tí mo ti ń kó ìwé jọ ni ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn ti sọ fún mi pé, "Ọ́ńkù, láti ọ̀sẹ̀ kejì ni kò ti yé mi mọ́." Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ẹ ò bi wá."

Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọmọ yẹn fi jókòó síwájú mi tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ká ní mo bi wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì ni, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ì bá ti tó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò wúlò fún un mọ́. Kò padà wá nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ìgbà tí mo wá lọ kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo rí i pé ó ti lórúkọ tipẹ́. Ní 1967, Michael Scriven, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì kan, ya ìgbéléwọ̀n ètò ẹ̀kọ́ sí ọ̀nà méjì. Ó pe ọ̀kan ní formative, ó pe èkejì ní summative. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín, télọ̀ àdúgbò yín mọ méjèèjì. Kí télọ̀ tó rán aṣọ parí, á ní kẹ́ ẹ wá wọ̀ ọ́ wò. Apá fún, á tú u. Ìbàdí tóbi jù, á dín in kù. Formative nìyẹn. Ọjọ́ ìnáwó tí gbogbo èèyàn rí yín nínú aṣọ náà, summative nìyẹn. Àwọn èèyàn lè sọ pé aṣọ náà ò dáa, òótọ́ sì lè ni, àmọ́ ẹ ti ya fọ́tò.

Ẹ kíyè sí i pé aṣọ là ń gbé léwọ̀n níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó wọ̀ ọ́. Bí èèyàn mọ́kàndínlógún bá gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀ kan, tí kò bá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lára wọn mu, ṣé ara wọn la máa bá wí?

Àpẹẹrẹ tó dáa jù tí mo mọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ní January 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí à ń pè ní OAU báyìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Ford Foundation ló gbówó sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ rèé: tí a bá fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí a wá ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, ṣé ọmọ náà á rẹ̀yìn? Wọ́n ní kíláàsì míì tí wọ́n ń fi í wé, níbi tí Yorùbá ti parí sí Primary 3, tí Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á ní Primary 4.

Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá tí wọ́n kàn lè lọ rà. Fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n gbé e fún olùkọ́, wọ́n gbọ́ bó ṣe rí ní kíláàsì, wọ́n tún un ṣe. Wọn ò sì dúró de Primary 6 kí wọ́n tó wo àwọn ọmọ. Àwọn onímọ̀ ìgbéléwọ̀n, tí Dibu Ojerinde tó padà di ọ̀gá NECO àti JAMB wà lára wọn, ń dán wọn wò bí wọ́n ṣe ń gun kíláàsì. Nígbà tí àṣekágbá dé, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ló ṣe dáadáa jù, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí ni pé ọ̀rọ̀ náà ti tún dé. Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ láti Primary 1 dé 6. Ní November 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ó ní àwọn agbègbè tó ń lò ó jù ló ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọdún. Ọmọ tó wọ Primary 1 lẹ́yìn ìlànà 2022 kò lè tíì kọjá Primary 4 nígbà tí wọ́n fagi lé e. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó tíì jókòó ṣe WAEC. Lóòótọ́, mínísítà ní àwọn ibì kan ti ń lo èdè abínibí tipẹ́ ṣáájú ìyẹn. Ká tiẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Máàkì WAEC lè sọ pé aṣọ ya, kò lè sọ ibi tó ti ya. Ṣé èdè ni? Àbí ìwé tí kò sí, olùkọ́ tí kò tó, ọmọ tí ebi ń pa? Láìsí àyẹ̀wò láàárín ọ̀nà, a kàn ń méfò ni.

Kò túmọ̀ sí pé summative ò dáa o. Ní Hussey Street, Yaba, ni WAEC Nàìjíríà wà, ọ́fíìsì NERDC, àwọn tó ń ṣe ètò ẹ̀kọ́, sì wà ní Jibowu Street, kò jìnnà rárá. Lẹ́yìn ìdánwò, WAEC máa ń gbé ìròyìn Chief Examiners jáde, níbi tí wọ́n ti ń sọ ibi tí àwọn ọmọ ti ṣì í, ìbéèrè sí ìbéèrè. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń múra WAEC tí kò tíì kà á ń fi ara rẹ̀ ṣeré.

Èyí tó ń dùn mí jù ni CA. Ìlànà ẹ̀kọ́ 1977 ló mú un wọlé, kó má bàa jẹ́ pé ìdánwò kan ṣoṣo ló ń dájọ́ ọmọ. Kí ló wá dà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé? Ìdánwò kékeré méjì. Olùkọ́ á kọ 7 nínú 20 sínú ìwé, á sì ṣí orí tó kàn.

Nígbà tí a máa bẹ̀rẹ̀ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ní Mushin, mo ya bébà pélébé-pélébé. Ní ìparí gbogbo kíláàsì, kálukú á kọ ohun kan tí kò yé e, kò ní kọ orúkọ. Ọ̀sẹ̀ kejì dé, ohun kan náà ló wà lórí bébà tó pọ̀ jù: kí ló dé tí 10 fi jẹ́ méjì? Mo dá ẹ̀kọ́ tó kàn dúró. Mo bi wọ́n pé kí ni ogójì. Àwọn tó ń bá ìyá wọn tajà ní Ojúwòyè ló kọ́kọ́ dáhùn: ogún méjì. Ọgọ́ta ńkọ́? Ogún mẹ́ta. Yorùbá ń kó o jọ ní ogún-ogún, Òyìnbó ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà ní méjì-méjì. Mo rí i lójú wọn pé ó wọlé.

Lọ́jọ́ náà, bébà kan wà tí ẹni tó kọ ọ́ fi bírò fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì: "Tí 10 bá jẹ́ méjì, báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe máa wá kọ mẹ́wàá?" 1010 ni. Òun la fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta.