Bí Kọ̀ǹpútà Ayálégbé Bá Kọ̀ Tí Kò Jí, Ẹ Kọ́kọ́ Bi Onílé

Ẹ ti mọ̀ pé ìwé ìfowópamọ́ àti ìwé ẹ̀yáwó wa kò sí nínú lẹ́jà ńlá mọ́, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n wà nínú rẹ̀ yẹn kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì wa ní Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gùṣì. Linux ló ń darí rẹ̀, a sì ti dá kọ̀ǹpútà mẹ́ta mìíràn sílẹ̀ nínú rẹ̀. Virtual machine ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é, VM ní ìgékúrú. Àwa tí a ń san owó ilé ní Ìkátẹ̀ kò ní ṣàìmọ ohun tó jọ: ilé kan, ayálégbé mẹ́ta. Ẹ̀rọ orí tábìlì ni onílé. Kálukú ayálégbé ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tirẹ̀, ṣùgbọ́n géètì kan, tánkì omi kan, iná kan ni gbogbo wọn ń lò.

Ìdí tí a fi ń kọ èyí nìyí. Bí VM bá kọ̀ tí kò jí lówùúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ san ẹ̀yáwó, ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká pa á rẹ́, ká fi òmíràn síbẹ̀." Ẹ má gbà o! Dísìkì VM, fáìlì kan lásán ni lára onílé, nínú /var/lib/libvirt/images lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó bá pa fáìlì yẹn rẹ́ ti pa owó ìyá tó ń ta ẹja rẹ́, ó ti pa ti awakọ̀ tó kù díẹ̀ kó san gbèsè tán rẹ́ pẹ̀lú. Onílé ni kí ẹ kọ́kọ́ bi.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìjí. NEPA, bí a ṣe ṣì ń pè é bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn ti kúrò láti 2005, lè mú iná lọ lójijì, kí ínfátà má sì gbà á. Onílé á ṣubú, gbogbo ayálégbé á bá a ṣubú. Bí iná bá dé, ẹ tẹ virsh list --all. Bí ẹ bá rí "shut off", ẹ fi virsh start àti orúkọ rẹ̀ jí i. Bí ẹ bá rí "paused", ẹ fura sí àyè. Ẹ tẹ df -h. Bí dísìkì onílé bá ti kún dé 100%, VM kò ríbi kọ̀wé sí mọ́, ló bá dúró. Ẹ kó ẹrù tí kò wúlò kúrò, kí ẹ tó tẹ virsh resume. Ìwé owó kò sọnù.

Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ á ní òun kò rí KVM. KVM ni apá Linux tó ń jẹ́ kí VM lo ọpọlọ ẹ̀rọ gan-an ní tààrà. Avi Kivity àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Qumranet, ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ló ṣe é, ó sì wọ inú Linux ní 2007. Èrò náà fúnra rẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí IBM ti gbé VM/370 jáde ní 1972. BIOS ló máa ń fún KVM láyè. Bátìrì pẹlẹbẹ bí owó kọ́bọ̀, CR2032, ló ń bá BIOS rántí nǹkan. Bí bátìrì yìí bá kú, tí iná sì lọ, BIOS á gbàgbé, ó sì lè ti ilẹ̀kùn náà. Ẹ tẹ ls /dev/kvm. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wọ BIOS, ẹ tan VT-x ti Intel tàbí SVM ti AMD, kí ẹ sì pààrọ̀ bátìrì. Ẹ ò rí i pé bátìrì kékeré lè dá ẹgbẹ́ odidi dúró!

Bí ó bá jí ṣùgbọ́n tó dúró sí "emergency mode", inú yàrá tirẹ̀ ni ìjà wà: fáìlì rẹ̀ ti dàrú, àbí fstab ń pe dísìkì tí kò sí mọ́. Ẹ pa VM náà, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ sápá kan, kí ẹ tó ṣe fsck. Ẹ̀dà tí a bá ṣe nígbà tí VM ń ṣiṣẹ́ lè má ṣeé lò.

Ti kó máa falẹ̀ ńkọ́? Ọ̀kánjúwà ló sábà ń fà á. Ẹ̀rọ ní mẹ́mórì 8 GB, a fún ayálégbé mẹ́ta ní 4 GB lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmàlà ẹni méjì, ẹni mẹ́ta jókòó tì í. Ẹ tẹ free -h lára onílé. Nínú VM, ẹ tẹ top, kí ẹ wo "st". Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ń ga, àwọn ará ilé ló ń gba àkókò mọ́ ọn lọ́wọ́. Fífi kún tirẹ̀ kò ní tún un ṣe, kí a dín ti ẹlòmíràn kù ni. Kí dísìkì àti káàdì nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ sì jẹ́ virtio.

Nẹ́tíwọ̀kì ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Bí ó bá ní "network 'default' is not active", virsh net-start default ni oògùn rẹ̀. Ẹ fi virsh net-autostart default tẹ̀ lé e kó má bàa tún ṣẹlẹ̀. Bí VM bá ń lo àdírẹ́ẹ̀sì 192.168.122, ó lè jáde sígboro, ṣùgbọ́n ará ìta kò lè wọlé tọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà akápò kì í fi í rí i. Bridge ló ń ṣí géètì fún un, wáyà sì ni kí ẹ lò, Wi-Fi kì í sábà gbà fún bridge.

Ẹ fi ping wá ibi tó ti já: láti VM sí onílé, láti onílé sí rọ́tà, lẹ́yìn náà sí ìta. Ní March 14, 2024, okùn mẹ́rin abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní ìtòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì ṣòro púpọ̀ ní Èkó. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ping á dé rọ́tà, kò ní kọjá ibẹ̀. VM kò jẹ̀bi rárá, ẹni tó bá tún un fi síbẹ̀ kàn ń da omi síná tí kò jó ni. Ìwé owó tó wà lábẹ́ òrùlé wa á ṣì ṣí.

Snapshot kì í ṣe ẹ̀dà o, dísìkì kan náà ni òun àti ìwé owó jọ wà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí a bá pa VM, kí akọ̀wé kó fáìlì náà sínú dísìkì àgbéká, kí akápò sì gbé e lọ sílé. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí a ṣe é kẹ́yìn, kó béèrè nípàdé.