Òfin ti wà nílẹ̀, olùkọ́ dà?

Láti oṣù Kínní ọdún 2019 ni òfin tó ka yíya àwọn àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀ ti wà ní Nàìjíríà. Ìpín 18 rẹ̀ sọ ọ́ gbangba: gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì, gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́ àkàndá lẹ́kọ̀ọ́. Ó tún ní kí Braille àti èdè àwọn adití wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ni.

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sílé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Kabba, Mopa tàbí Isanlu, ẹ rántí dáadáa: olùkọ́ yín wo ló lè fọwọ́ bá adití sọ̀rọ̀?

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ sílẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Jos náà ní ẹ̀ka rẹ̀. Ọmọ Okun tó bá fẹ́ lọ Ọ̀yọ́ á gba Isanlu àti Egbe kọjá sí Ìlọrin, á tún la Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó débẹ̀. Tó bá wá parí, kí ló fẹ́ fà á padà wálé? Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kogi fi gba ìdá owó oṣù dípò odindi. Òfin ọdún 2022 sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí 65. Ó dáa, àmọ́ ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn dì mú, kò mú ẹni tuntun wá.

Àwọn kan á ní àwọn ọmọ wọ̀nyí kò pọ̀. Wọn ò pọ̀ lójú wa torí pé inú ilé la fi ọ̀pọ̀ nínú wọn pamọ́ sí.

Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ló wà nílẹ̀ Okun: Kabba/Bunu, Ijumu, Mopa-Muro àti Yagba méjèèjì. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan rán ọmọ méjì péré lọ Ọ̀yọ́ lọ́dọọdún, kó sanwó wọn, kí wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn á fi ọdún márùn-ún ṣiṣẹ́ nílé. Tí ọ̀wọ́ márùn-ún bá ti jáde, àádọ́ta olùkọ́ nìyẹn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ wa náà lè fi ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ kọ́ àwọn olùkọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Braille àti èdè adití.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n san odindi owó oṣù lásìkò, kí wọ́n fi àjẹmọ́nú díẹ̀ kún un, kí wọ́n sì má fi ẹni tó kọ́ṣẹ́ àkàndá sídìí iṣẹ́ mìíràn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ńṣe là ń kọ́ olùkọ́ fún Èkó àti ìlú Òyìnbó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Okun, tí ẹni tó fẹ́ ṣe alága káńsù bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ má jẹ́ kó fi "Okun o" lásán lọ. Ẹ bi í: ọmọ mélòó lo máa rán lọ Ọ̀yọ́, ọdún wo sì ni wọ́n máa dé?